Lẹ́tà ṣíṣí sí Focus Features: ìbò ti kọjá kí fíìmù Milk tó dé

Oakland, California
Oṣù Kọkànlá, 2008

Ẹ̀yin aláṣẹ Focus Features,

Mo kí yín, ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù Milk jáde, mo sì kí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà ṣíṣí ni èyí, àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ń bá yín sọ gbọ́ èdè náà dáadáa, wọ́n sì pọ̀ ní Oakland àti Hayward níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ó bá wù yín láti mọ ohun tí mo kọ, ẹ wá ògbufọ̀.

Mo ti wo fíìmù yín. Ará ibi iṣẹ́ mi kan rí tíkẹ́ẹ̀tì ìwòṣáájú gbà, ó sì fà mí lọ́wọ́ lọ. N ò ní ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún àwọn tó ń retí ọjọ́ 26 oṣù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ti mọ ibi tó parí sí: wọ́n yìnbọn pa Harvey Milk, kánsílọ̀ tí fíìmù náà dá lé, àti Méyọ̀ George Moscone ní Sítì Họ́ọ̀lù San Francisco, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, 1978. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ ò fi ikú yẹn ṣe àṣírí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún wa.

Fíìmù náà dára. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní kò dára ni, n bá ti gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n bá ti gbàgbé yín.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ni ẹ kọ́kọ́ fi han aráyé ní Castro Theatre, ní àárín àdúgbò tí ọkùnrin náà gbé, tó ti ta ọjà, tó sì ti gbégbá ìbò. Ọjọ́ Túsìdeè ni. Túsìdeè tó tẹ̀ lé e la dìbò lórí Àbá 8 (Proposition 8), àbá lórí òfin ìgbéyàwó ní California. Ní alẹ́ ọjọ́ kan yẹn, àwọn òṣèré rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà ń kọ mànà, ẹ sì ká fíìmù náà padà sínú agolo rẹ̀. Ẹ ò gbé e lọ sí Toronto ní oṣù kẹsàn-án bí àwọn onífíìmù ẹgbẹ́ yín ṣe máa ń ṣe, ẹ ò sì jẹ́ kí ará Fresno tàbí Sacramento rí i. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá dé. Nǹkan bí olùdìbò 52 nínú ọgọ́rùn-ún ní California ló fọwọ́ sí i pé ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún, kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ tán ni ẹ wá ní ká wá ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Harvey Milk jẹ́ fún àwọn ará wa tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Júù ni, ọmọ New York, wọ́n bí i lọ́dún 1930. Ó ṣe ológun ojú omi, ó ṣiṣẹ́ owó ní Wall Street, ó tilẹ̀ ti ẹgbẹ́ òṣèlú Republican lẹ́yìn nígbà kan. Ọdún 1972 ni òun àti olólùfẹ́ rẹ̀, Scott Smith, kó dé San Francisco. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà ní ojúlé 575, òpópónà Castro. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ tà, ṣùgbọ́n àga gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò níbi tó ń lọ lè jókòó sí, kò sì pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi di ọ́fíìsì ìpolongo ìbò. Ó du ipò kánsílọ̀ ní 1973, ó fìdí rẹmi. Ó tún du ú ní 1975, wọ́n tún nà án. Ní 1976 ó du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, Art Agnos fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Ìgbà tí ìlú yí òfin padà, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan wá ń yan kánsílọ̀ tirẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́nà wọlé ní 1977. Kò lò tó oṣù mọ́kànlá lórí àga náà tí kánsílọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, Dan White, fi gba ojú fèrèsé wọ Sítì Họ́ọ̀lù kí ẹ̀rọ tó ń tú irin fó má baà rí ìbọn ara rẹ̀.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni mímọ́, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Olóṣèlú ponbele ni. Ẹ wo ibi tó ti ń wá òfin tí gbogbo ìlú yóò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òfin náà: ó ní kí gbogbo ẹni tó ní ajá máa kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀ nílẹ̀. Ó pe àwọn oníròyìn lọ sí pápá ìṣeré, ó ń rìn bọ̀ níwájú kámẹ́rà, ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ lé ìgbẹ́ gbẹ̀dẹ̀, ó gbé bàtà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní òótọ́. Ó ti mọ ibi tí ìgbẹ́ náà wà kí wọ́n tó dé. Nínú ilé sinimá tí mo jókòó sí, ẹ̀rín pa gbogbo wa, èmi sì rántí àwọn olóṣèlú ilé wa tó ń jẹ àgbàdo sísun létí títì lásìkò ìbò. Òṣèré Sean Penn ló ṣe Milk, ó ṣe é débi pé mo gbàgbé pé Sean Penn ni. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le nínú fíìmù tó kù, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ nínú èyí.

Ibi kan wà tí n kò tíì lè gbàgbé. Lásìkò yẹn, àwọn ọkùnrin géè, ìyẹn àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn, ní Castro máa ń mú fèrè kékeré dání, kí wọ́n lè fọn ún bí àwọn jàǹdùkú bá ká wọn mọ́. Wọ́n pa ọ̀kan. Fèrè rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Gus Van Sant, olùdarí fíìmù náà, kò fi ojú Milk hàn wá, kò fi ojú ọlọ́pàá tó ń bá a sọ̀rọ̀ hàn wá. Ara fèrè tó ń dán yẹn la ti ń rí àwọn méjèèjì, wọ́n kéré, wọ́n wọ́ bìrìpé, ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ẹni tó bá rí ibẹ̀ yẹn kò ní bi mí mọ́ pé kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí fi ń wá òfin.

Ẹ jẹ́ n dé orí ohun tó gbé mi dé ibí. Ní ọdún 1978, sẹ́nétọ̀ kan láti Orange County, John Briggs, gbé Àbá 6 jáde: kí wọ́n lé gbogbo tíṣà tó bá jẹ́ géè kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, àti ẹnikẹ́ni tó bá gbè sẹ́yìn wọn. Ìwádìí èrò ará ìlú níbẹ̀rẹ̀ fi hàn pé àbá náà yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Milk kó àwọn ènìyàn jọ, ó wá bá Briggs jiyàn ní gbangba, àní títí dé agbègbè Briggs fúnra rẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ mọ́ àwọn géè létí ni pé kí wọ́n jáde. Kí wọ́n sọ fún bàbá, kí wọ́n sọ fún ìyá, kí wọ́n sọ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́ àti fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni ìbò òun máa dun, ìka rẹ̀ yóò lọ́ra. Àbá 6 ṣubú pẹ̀lú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ronald Reagan, tí ẹnikẹ́ni ò lè pè ní ọ̀rẹ́ àwọn géè, kọ̀wé tako àbá náà. Ààrẹ Carter náà sọ̀rọ̀ lòdì sí i.

Fíìmù yín fi gbogbo èyí hàn. Ó sì fi nǹkan mìíràn hàn tó mú mi fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn géè olówó, àwọn tó ń náwó sí ìpolongo tí wọ́n sì ń bẹ̀rù ariwo, gbé ìwé pélébé kan wá fún Milk láti fi bá Àbá 6 jà. Ìwé náà kún fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, kò sì sí ibì kan tí wọ́n ti dárúkọ géè nínú rẹ̀. Milk bínú. Ohun tí mo gbọ́ nínú ìbínú rẹ̀ ni pé, báwo lẹ ṣe fẹ́ gba ènìyàn là tí ẹ ò lè dárúkọ rẹ̀.

Ẹ wá ronú sí ìpolongo ọdún yìí. Wọ́n ní àpapọ̀ owó tí ìhà méjèèjì ná lórí Àbá 8 lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là. Mo wo ìpolówó ọjà àwọn tó tako àbá náà lórí tẹlifíṣọ̀n títí ó fi sú mi. Mo rí bàbá àti ìyá àgbàlagbà tó ní ọmọbìnrin. Mo rí Sẹ́nétọ̀ Dianne Feinstein, ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an ló dúró níwájú àwọn oníròyìn ní 1978 tó kéde pé wọ́n ti pa Moscone àti Milk. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n n ò rí ọkùnrin méjì tó jókòó nínú pálọ̀ wọn tí wọ́n sọ pé, ìgbéyàwó wa ni ẹ fẹ́ tú ká. Ìhà kejì kò lọ́ra bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kékeré kan jáde tó dé láti iléèwé tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti kọ́ pé ọmọ ọba ọkùnrin lè fẹ́ ọmọ ọba ọkùnrin. Ọmọ iléèwé! Ẹ̀rù kan náà tí Briggs tà fún wọn ní 1978 ni wọ́n tún wé, wọ́n tún tà. Ìwé ìwòsàn rẹ̀ wà nínú agolo fíìmù yín, ẹ sì ti agolo pa.

Ẹ lè sọ pé okòwò ni sinimá. Òótọ́ ni. Oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ni àwọn tó ń dìbò fún Oscar máa ń rántí fíìmù, Thanksgiving ni ilé sinimá máa ń kún, ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ mú yìí ló sì pé ọgbọ̀n ọdún géérégé tí wọ́n pa ọkùnrin náà. Ọjọ́ tó dára ni fún ìrántí òkú. Ẹ tún lè sọ pé bí ẹ bá gbé e jáde ṣáájú ìbò, wọn yóò ní ìwé ìpolongo ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Èyí ni n kò gbà rárá. Fíìmù nípa ọkùnrin tí gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́ ìpolongo ìbò, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n pè é? Ọkùnrin tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa sísọ fún èrò pé òun wá láti gbà wọ́n sẹ́gbẹ́! Ó ń fi àwọn tó rò pé géè ń kó ọmọ wọn wọ ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì tún ń wá ìbò wọn nínú yẹ̀yẹ́ náà.

Bóyá fíìmù kan kò lè yí ìbò tí àlàfo rẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù padà. N ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe gbogbo ìbò ni mo ń bi yín, ẹyọ ìbò kan tí mo mọ̀ ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń lọ, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń pín pátákó aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò ti Yes on 8, ti àwọn tó fọwọ́ sí Àbá 8, lẹ́nu ọ̀nà. Màmá kan wà láàrin wa tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ó mú ọ̀kan fún iwájú ilé rẹ̀. Aládùúgbò Ìyá Ìbejì yìí, nọ́ọ̀sì ni, ọkùnrin ni, òun ló máa ń bá Màmá gbé ẹrù ọjà láti inú ọkọ̀ wọlé, òun ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Màmá ò pè é ní orúkọ mìíràn ju "ọmọ mi òyìnbó" lọ. Ní oṣù kẹfà, nọ́ọ̀sì náà àti ọkọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì gbé kéèkì lọ sí gbogbo ojúlé tó wà ní àdúgbò. Màmá jẹ tirẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ̀ pé ìgbéyàwó ọmọ yín òyìnbó ni pátákó yìí fẹ́ fagi lé?"

Ó ní, "Ìgbéyàwó wo? Kéèkì ọjọ́ ìbí ni wọ́n gbé wá."

Mo ní, "Kéèkì ìgbéyàwó ni, mà. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yẹn, ọkọ rẹ̀ ni."

Màmá wo pátákó, ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò tètè sọ." Ó gbé pátákó náà sínú búùtù ọkọ̀, kò rì í mọ́lẹ̀ síwájú ilé. N ò bi í bó ṣe dìbò, n ò sì ní bi í. Ohun tí Harvey Milk ń wí láti 1978 ni mo rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, fíìmù yín ì bá sì ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láàrin wákàtí méjì.

Mo sọ èyí nítorí pé láti ọjọ́ ìbò ni àwọn kan ti ń di ẹ̀bi Àbá 8 ru àwa aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní a jáde lọ́pọ̀ yanturu láti dìbò fún Obama, a sì fi ọwọ́ kan náà tẹ Àbá 8. Àwa aláwọ̀ dúdú ò ju bí ènìyàn méje lọ nínú ọgọ́rùn-ún ní California. Èmi náà dìbò fún Obama, mo sunkún ayọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ní alẹ́ kan náà ni mo sì gbọ́ ìròyìn kejì. Obama tako Àbá 8. Ṣùgbọ́n ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin àti obìnrin ni ìgbéyàwó wà fún, àwọn onípolongo Yes sì mú ohùn rẹ̀, wọ́n fi ń pe fóònù àwọn ènìyàn wa. Ẹnikẹ́ni ò wá sí ọ̀dọ̀ wa láti ìhà kejì. Ẹ ò ṣe ìwòṣáájú kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn wa. Milk ì bá ti dé ibẹ̀. Ọkùnrin tó bá ẹgbẹ́ awakọ̀ Teamsters ṣe àjọṣe nítorí bíà Coors, tó lé bíà náà kúrò ní ilé ọtí àwọn géè kí àwọn awakọ̀ lè gba géè síṣẹ́, kò lè máa wo Oakland láti òkè odò.

Ní ti fíìmù náà gan-an, mo ní ẹ̀dùn méjì. Mo wá Sally Gearhart títí, n ò rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin ni, òun fẹ́ obìnrin, òun àti Milk ló jọ jókòó kojú Briggs nínú àríyànjiyàn orí tẹlifíṣọ̀n tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìjà Àbá 6. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi gbogbo ìjà náà lé Milk nìkan lọ́wọ́. Anne Kronenberg, tó ń wa alùpùpù, tó ṣètò ìpolongo 1977, ló wá fẹ́ẹ̀ dá dúró fún gbogbo obìnrin. Ẹ̀dùn kejì ni Jack Lira, olólùfẹ́ Milk lẹ́yìn Scott Smith: ẹ fi òun hàn bí ìyọnu lásán, a ò mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀ tó fi pokùnso. Dan White tó pa ènìyàn rí àánú gbà nínú fíìmù yín ju Jack lọ. Josh Brolin ṣe Dan White dáadáa o, mi ò jiyàn ìyẹn.

Ìbò ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó kù.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ní àwọn ìlú ńlá díẹ̀. San Francisco tí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́rin ti dìbò No kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Fresno àti Bakersfield láìpẹ́, kì í ṣe nígbà tí Oscar bá ti lọ. Ọ̀rọ̀ Cinemark náà tún wà nílẹ̀: ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ sinimá yẹn fi $9,999 ti Yes on 8 lẹ́yìn, àwọn kan sì ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má wo Milk ní ilé sinimá rẹ̀. Níbí tí sinimá mìíràn wà, èmi náà ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹni tó bá wà nílùú tí kò ní sinimá mìíràn, kó lọ wò ó níbẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kan kò tó ohun tí yóò rí. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣètò ìfẹ̀hónúhàn náà kò ní fẹ́ràn ohun tí mo sọ yìí.

Ẹ sì fi kọ́pì kan sílẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí ẹ má bẹ̀rù pé wọn ò ní wá: àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn fíìmù, bí ẹ bá fi ọ̀fẹ́ kún un, wọn yóò mú ọmọ dání. Mo ti bá pásítọ̀ kékeré kan sọ̀rọ̀, ó ní òun ò gbà, ṣùgbọ́n kò ní kí n má mú un wá. Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa gba ọgọ́jọ ènìyàn. Ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wà, aṣọ funfun fún ògiri wà, èmi àti Ìyá Ìbejì ni yóò se ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí kọ́pì yóò dé, kí n lè tètè sọ fún wọn.

Èmi ni,
Ọmọ Ìbàdàn kan ní Oakland